Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Kọ̀ Láti Kúnlẹ̀ Lójú Kíláàsì: Kí Ni Kí Olùkọ́ Ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama ìjọba kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ọdún kẹta mi nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì SS2 mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16, tí ó ti ilé-ìwé mìíràn wá bá wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsinmi àárín sáà, mo kọ ìṣirò áljẹ́bírà kan sí ojú pátákó, mo sì pè é pé kí ó wá ṣe é. Ó ní òun kò wá. Mo tún un sọ, ó sì fèsì pé, "Àǹtí, ẹ pe ẹlòmíràn." Mo ní kí ó kúnlẹ̀ níbi tí ó wà, ó ní òun kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo ní kí ó jáde tàbí kí èmi jáde. Kò mira, ni mo bá kó ìwé mi, mo sì jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ 74 ni ó wà ní kíláàsì náà, gbogbo wọn ni wọ́n sì rí i. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí a nà án ní àpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ tí a bá wọlé. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ́ olùkọ́ ní kí n má kọ́ kíláàsì náà mọ́ títí yóò fi wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ojú ń tì mí láti padà wọ ibẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú iṣẹ́ ribiribi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ béèrè gan-an kí n tó máa ṣe àlàyé, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tí ojú ń tì kì í ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n na ọmọ náà ní àpéjọ òwúrọ̀. Ẹ má sì kọ kíláàsì náà sílẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ 73 yòókù kò ṣẹ̀ yín. Ẹ padà wọlé ní pírẹ́dì yín àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa kọ́ wọn ní ìṣirò láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí pírẹ́dì náà tó dé, kí ẹ̀yin àti ọmọ náà ti rí ara yín, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kí ẹ sì ti parí èyí tí ó bá ṣeé parí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é, àti ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ́ẹ̀, ni yóò gba ìyókù ìdáhùn yìí.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin, igbákejì ọ̀gá yín àti ọ̀rẹ́ yín, orí ìkúnlẹ̀ ni gbogbo yín dúró sí. Mo fẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ni ọmọ yìí kọ́kọ́ kọ̀. Pátákó ni ó kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ kò kọ ọ́ sí mi pé ó ń pariwo kí ẹ tó pè é, tàbí pé ó ń bá ẹnì kan jà, tàbí pé ó bú yín. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ pé kí ó wá ṣe ìṣirò lójú ọmọ 73 tí kò tíì pé sáà kan tí ó ti mọ̀ wọ́n ni ọ̀rọ̀ dé. Kódà èsì rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, "Àǹtí, ẹ pe ẹlòmíràn", bí a bá yọ ìbínú kúrò létí wa, ó jọ ẹ̀bẹ̀ ju àfojúdi lọ. Ó pè yín ní Àǹtí, ó sì lo "ẹ" fún yín. Ẹni tí ó ti pinnu láti fi ojú olùkọ́ gbolẹ̀ kì í sábà rántí fi ọ̀wọ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń fura sí ni pé ọmọ náà kò mọ ìṣirò náà ṣe. Mo ní mo ń fura o. Èmi kò rí i, ẹ̀yin ni ẹ rí i. Àmọ́ ní ọdún 31 tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ kánsílọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò lè ka iye ìgbà tí mo rí ọmọ tí ó yàn láti jẹ́ alágídí kí wọ́n má baà pè é ní olódo. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì náà yẹ̀ wò. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 16, oyè ni "alágídí". Àpá tí kì í kúrò lára ni "olódo". Alágídí yóò jẹ ẹgba, yóò ta á lára fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa kókìkí rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sílé. Olódo kò ní jẹ ẹgba kankan, ṣùgbọ́n orúkọ náà ni wọn yóò máa fi pè é títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò WAEC. Bí olùkọ́ bá gbé méjèèjì síwájú ọmọ lójú gbogbo kíláàsì pé kí ó mú ọ̀kan, kò ní ronú jìnnà kí ó tó mú.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, tèmi sì burú ju tiyín lọ. Ní ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní Yorùbá, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní JSS3 tí kì í kàwé sókè bí mo bá pè é. Yóò dìde, yóò di ìwé mú, yóò sì máa wo ojú mi láì la ẹnu. Ìgbéraga ni mo kà á sí, nítorí pé aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ, bàtà rẹ̀ a sì máa dán, mo wá rò pé ó ń wò mí bí ẹni tí kò tó nǹkan. Mo ní kí ó dúró lórí àga fún odidi pírẹ́dì. Ó dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún gbé e sórí àga. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó gba ìwé rẹ̀ láti máàkì rẹ̀ dáadáa, ni mo bá rí i pé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó dà kọ láti ojú pátákó, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ṣì kọ tí mo sì fa ìlà lé lórí. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fa ìlà náà lé e pẹ̀lú. Kò lè ka gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó mọ bí a ṣe ń ya lẹ́tà bí ẹni ń ya àwòrán, kò mọ ohun tí lẹ́tà ń wí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jẹ ẹ́ níyà nítorí ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi láti kọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ìwé iṣẹ́ kíláàsì yín bá wà lọ́wọ́ yín ní ìsinmi yìí, ẹ wá tirẹ̀ jáde. Ẹ má wo máàkì tí ó gbà nìkan. Ẹ wo ibi tí ó ti dúró nínú ìṣirò kọ̀ọ̀kan, bóyá èyí tí ó ṣe nílé dára ju èyí tí ó ṣe ní kíláàsì lọ, bóyá àṣìṣe kan náà ni ó ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ọmọ tí ó ń yọ nọ́ńbà kúrò ní apá kan láì yọ ọ́ ní apá kejì kò nílò pàṣán. Ẹni tí yóò jókòó tì í fún 20 ìṣẹ́jú ni ó nílò. Ó ti ilé-ìwé mìíràn wá, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì dé ibi tí ẹ kọ́ tiyín dé ní SS1.

Bí ìwé náà bá sì fi hàn pé ó mọ ìṣirò ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ńkọ́? A jẹ́ pé mo ṣì í, ohun mìíràn ni ó ń wá. Oníṣègùn ọpọlọ kan wà tí wọ́n bí ní Vienna ní 1897, Rudolf Dreikurs, tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó sì kú ní 1972. Ó sọ pé ohun mẹ́rin ni ọmọ tí ń ṣe ségesège máa ń wá: yálà ó fẹ́ kí a máa wo òun, tàbí ó fẹ́ fi hàn pé kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún òun, tàbí ó fẹ́ gbẹ̀san ohun tí ó dùn ún, tàbí ó ti sọ ìrètí nù, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ó ní kí olùkọ́ wo inú ara rẹ̀ láti mọ èyí tí ó jẹ́. Bí ọmọ náà bá kàn ń yọ yín lẹ́nu lásán, ó fẹ́ kí ẹ máa wo òun ni. Bí ó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ fi hàn án pé ẹ̀yin ni ọ̀gá, ìjà agbára ni. Bí ó bá dùn yín wọ egungun, ẹ̀san ni. Bí ọwọ́ yín bá rọ, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ lè ṣe fún un mọ́, òun náà ti sọ ìrètí nù. N kò sọ pé òfin tí kì í yẹ̀ ni èyí, àmọ́ ó ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ fi ọwọ́ lé àyà yín. Ó jọ lójú mi pé nígbà tí ẹ pè é sí ojú pátákó, ẹni tí ó ti sọ ìrètí nù nípa ìṣirò ni ẹ pè. Nígbà tí ẹ wá ní kí ó kúnlẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni ẹ sọ ọ́ di ìjà agbára.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ náà kò sì ṣeé fò. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ni ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kò pàdánù ohunkóhun, ìyìn ni ó ń gbà pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe níwájú Ọlọ́run, ìyà nìkan ni ìkúnlẹ̀ ọmọkùnrin túmọ̀ sí, ọmọ ọdún 16 tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì sì ń wò, mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Mo mọ̀ pé a kúnlẹ̀ nígbà tiwa, a gbé ọwọ́ sókè, a kò sì kú. N kò sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ ti kó gbogbo owó ọwọ́ yín sílẹ̀ lórí ọjà kékeré. Nígbà tí ó kọ̀ ọ́, kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ yín mọ́ àfi ẹnu ọ̀nà.

Àwọn òǹwòran ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Jacob Kounin, ń kọ́ni lọ́jọ́ kan nígbà tí ó rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé ìròyìn nínú kíláàsì rẹ̀, ó sì bá a wí. Ohun tí ó gba àfiyèsí rẹ̀ ni ìṣesí àwọn tí kò bá wí: àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dákẹ́, àwọn tó ń wo ojú fèrèsé gbé ojú padà sí ìwé wọn. Ìyẹn ni ó mú kí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1970. Èsì náà kò dùn létí ẹni tí ó fẹ́ràn pàṣán. Ó rí i pé bí olùkọ́ ṣe ń bá ọmọ wí lẹ́yìn tí ó ti ṣẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ya olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ tòrò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kíláàsì rẹ̀ dàrú. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wáyé, bí wọ́n ṣe ń fi ojú ká gbogbo kíláàsì, bí iṣẹ́ kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn láìsí àlàfo tí ọmọ yóò fi rí ibi ṣeré.

Ẹ fi èyí wo tiyín. Àwọn 73 náà kò bá yín jà, wọn kò sì bá ọmọ náà jà, wọ́n ń wòran ni. Nígbà tí ẹ sọ pé kí ó jáde tàbí kí ẹ̀yin jáde, ẹ fi ipò yín ta tẹ́tẹ́ lójú òǹwòran, ọmọ ọdún 16 ni ó sì jẹ ẹ́. Irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní èrè fún àgbà: bí ẹ bá jẹ, ẹ kò jèrè ju ohun tí ó ti jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹ bá sì pàdánù, ìròyìn yóò ti dé ọjà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín náà, ẹ má gbé e sọ́kàn púpọ̀. Ọmọ a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Nípa nínà ní àpéjọ òwúrọ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì dáàbò bo iyì rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyà tí ń tẹ́ni. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ yìí kan náà sọ pé ojúṣe ọmọ ni láti máa bọ̀wọ̀ fún òbí, ọ̀gá àti àgbà, ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi òfin yìí halẹ̀ mọ́ olùkọ́ kì í sábà kà dé. Bí igbákejì ọ̀gá yín kò bá gbọ́ ti òfin, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ọmọ tí ó kọ̀ láti kúnlẹ̀ lójú kíláàsì, bí ó bá kọ̀ láti na ọwọ́ lójú gbogbo ilé-ìwé ńkọ́? Ṣé kí olùkọ́ ọkùnrin mẹ́rin dì í mú ni? Mo rí irú èyí rí. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́ méjì já, ọmọ náà sì di akọni títí ó fi jáde. Kí ẹ lọ bá igbákejì ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lójú àwọn olùkọ́ yòókù, nítorí òun náà ní ojú tí kò yẹ kí ó tì í. Ẹ dúpẹ́ pé ó dúró tì yín, kí ẹ sì tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ọwọ́ ara yín tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ó wá ku ìpàdé yín pẹ̀lú ọmọ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, kí agogo tó lù, ẹ rán ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ̀ kí ó bá yín pè é. Ẹ jókòó sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ohùn yín, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá àwọn olùkọ́ tàbí abẹ́ igi kan nínú ọgbà. Ẹ má wọ yàrá pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Obìnrin ni yín, ọmọkùnrin ọdún 16 ni òun, ìyẹn kò gba àlàyé. Ẹ jẹ́ kí òun náà jókòó.

Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì kúrú. Kì í ṣe pé kí ẹ há a sórí, ṣùgbọ́n ó lè rí báyìí: "Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú, mo sì rò pé kò dùn mọ́ ìwọ náà. Mo pè ọ́ síwájú láì mọ̀ bóyá ìṣirò náà ti yé ọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. O sọ lójú gbogbo wọn pé o kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi tìrẹ nìyẹn. Mo fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe rí lójú tìrẹ." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó le jù nínú gbogbo ohun tí mo ń rán yín. Ìṣẹ́jú kan lè dàbí wákàtí kan, ọwọ́ yóò máa yún yín láti fi ìbéèrè mìíràn dí i. Ẹ má dí i. Ẹ má sì bi í pé kí ló dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọdé kì í sábà mọ ohun tí ó dé, àwáwí ni ìbéèrè náà máa ń bí.

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín yóò ní ẹ ti bẹ ọmọdé. Ẹ kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ apá tiyín, ẹ sọ apá tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níwájú baálé nígbà tí ẹni méjì bá ní aáwọ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ní kí a fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí kò gbàgbé ọwọ́ òsì tí ó ń fà á mọ́ra. Àwa ni a máa ń lo ọwọ́ ọ̀tún lójú èrò, tí a ó wá fi tòsì pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé ó ń tì wá lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ tán síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ní ó ti jẹ ẹ́ gbé. Kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ jókòó sí náà, kí ó sì máa wá bá yín ní àsìkò oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti ṣe irú ìṣirò tí ó sá fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní ìyà, ẹ má sì pè é ní àánú. Iṣẹ́ tí ó jẹ yín ní gbèsè ni. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tètè ní kí ó dìde. Ẹ má ní kí ó wá tún un ṣe lójú kíláàsì. Àwọn tí wọ́n bá rí i lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ìwé ìṣirò nígbà tí wọ́n ń jẹun yóò ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti ìwọlé yín, ẹ tètè wọlé, kí iṣẹ́ ti wà lójú pátákó kí wọ́n tó ráyè máa wo ojú yín. Bí ẹnì kan bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ẹ ní a ti yanjú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó ṣí ìwé rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má pe ẹnikẹ́ni sí ojú pátákó láì tíì rí iṣẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo wọn kọ́kọ́ ṣe é nínú ìwé, kí ẹ máa rìn láàárín wọn. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti rìn láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 74, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, àmọ́ ẹsẹ̀ yín ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu yín kò lè ṣe. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó gbà á, ẹ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó tọ̀nà, ẹ ó sì pè é láti fi hàn wọ́n. Ọjọ́ tí ọmọ wa yìí bá ṣe ọ̀kan tí ó tọ̀nà, òun ni kí ẹ pè.

Yóò tún kọ̀ nígbà kan, tàbí ẹlòmíràn yóò kọ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé kí ó gbé ìwé rẹ̀ jáde kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́, kí ẹ sì yí ẹ̀yìn padà lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn tí ẹ yí padà yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀. Ọmọ tí ẹ dúró lé lórí kò lè gbọ́ràn láìjẹ́ pé ó tẹríba lójú gbogbo ayé; èyí tí ẹ fún ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ kò fi wò ó lè gbé ìwé jáde bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pinnu bẹ́ẹ̀. Yóò kùn lábẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó kùn. Ìwé ni ẹ ní kí ó gbé jáde, ẹ kò ní kí inú rẹ̀ dùn. Bí kò bá gbé e, ẹ sọ fún un pé ó lè ṣe é báyìí, ó sì lè ṣe é lọ́dọ̀ yín ní àsìkò oúnjẹ, èyí tí ó bá yàn ẹ gbà. Kí ẹ sì mú un ṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa ẹ̀yin náà lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí àìgbọràn rẹ̀ bá mú èrè wá lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún yóò máa gbìyànjú rẹ̀ ní ìgbà márààrún.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dúró ná. Bí ẹ bá pe obìnrin tí ń ta ẹja kúrò nídìí ọjà rẹ̀, ẹja kò ní dúró dè é, orí ọmọ ni yóò sì sọ ìbínú náà sí. Kí ẹ tó la ẹnu yóò ti gbá a létí lójú gbogbo ilé-ìwé, ẹ ó wá padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pè é lórí fóònù ní alẹ́, kí ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu yín jẹ́ ohun rere kan nípa ọmọ rẹ̀ tí kì í ṣe irọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi mú un kúrò ní ilé-ìwé ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ohun tí ọmọ kò ní sọ.

Ọmọ tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu ni mo ń sọ o. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbé ọwọ́ sí yín, tàbí ó fi ẹgbẹ́ òkùnkùn halẹ̀, tàbí ẹ rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́. Kò kan sùúrù yín mọ́.

Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá jáde lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ti ń ṣìnà nínú áljẹ́bírà náà, ẹ kọ irú rẹ̀ mẹ́ta sínú pépà kan, kí ti àkọ́kọ́ rọrùn débi pé kò lè kùnà rẹ̀, kí ẹ sì mú un dání lọ síbi tí ẹ ó ti pàdé rẹ̀.